Òṣùwọ̀n Onígíláàsì Tó Ń Ka Ọ̀rá: Ibi Tó Dáa Dé Fún Ọmọdé, àti Ohun Tó Sàn Jù Ú Lọ

Òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ onígíláàsì tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ti gba ìgboro Ìlọrin kan. Ẹ ó rí i ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé lójú òpópónà Táíwò, ẹ ó rí i ní Tánkè, àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp sì ń fi ránṣẹ́ títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gùn ún láìwọ bàtà yóò kọ́kọ́ rí kílò rẹ̀, kí fóònù tó wá to nǹkan bíi mẹ́wàá sílẹ̀: ọ̀rá, omi, iṣan, egungun, àní "ọjọ́ orí ara" pàápàá. Àwọn òbí ń rà á nítorí ọmọ tí wọ́n rò pé ó ń sanra jù. Àwọn iléèwé aládàáni ń rà á sí yàrá nọ́ọ̀sì wọn. Nítorí ọmọdé la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí, kì í ṣe nítorí àgbà tó fẹ́ fọn.

Ìdájọ́ wa kò gùn. Tó bá di ti kílò, òṣùwọ̀n náà dáa, ó tó owó rẹ̀. Tó bá di ti ọ̀rá ara ọmọdé, nọ́ńbà tó ń gbé jáde kò tó ohun tí òbí lè gbé ìpinnu kà. Téèpù kan, pákó ìwọ̀n gíga tí káfíńtà àdúgbò kàn, àti ìwé ìdàgbàsókè ọmọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣe, yóò sọ òótọ́ fún yín jù ú lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀rá gan-an, kálípà, ohun èlò ẹlẹ́nu méjì tó ń wọn bí ọ̀rá abẹ́ awọ ṣe nípọn tó, ni kó rà, kó sì kọ́ ọ dáadáa.

Òṣùwọ̀n yìí kò rí ọ̀rá rárá. Iná mànàmáná tín-ín-rín kan ló máa ń rán gba àtẹ́lẹsẹ̀ kan wọlé kó lè gba ìkejì jáde. Kò lágbára débi tí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Omi àti iṣan máa ń jẹ́ kí iná náà kọjá wẹ́rẹ́, ọ̀rá a sì máa dí i lọ́nà. Òṣùwọ̀n á wo bí ọ̀nà ṣe nira tó fún iná, á fi gíga, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo tí ẹ tẹ̀ sínú fóònù kún un, á sì ṣírò iye omi tó wà lára. Láti ara omi yẹn ni yóò ti fojú bu iṣan àti egungun. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú kílò ló ń pè ní ọ̀rá. Ìṣirò lórí ìṣirò ni. Tí ìpìlẹ̀ bá wọ́, gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ wọ́.

Ìpìlẹ̀ yẹn gan-an ló sì yàtọ̀ lára ọmọdé. Lára àgbàlagbà, nínú gbogbo ohun tí kì í ṣe ọ̀rá, nǹkan bí ìdá 73 nínú 100 ló jẹ́ omi. Ti ọmọ tuntun sún mọ́ 80, ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi bàlágà. Tí òṣùwọ̀n bá fi ojú àgbà wo ọmọ ọdún mẹ́jọ, omi tó pọ̀ lára ọmọ náà á mú kó rò pé iṣan ló pọ̀, ọ̀rá á sì dín nínú èsì. Ọmọ tó yẹ kí wọ́n ti gbé lọ fún àyẹ̀wò á wá dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí: ọ̀pọ̀ wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n ọ̀rá kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, àwọn mìíràn sọ pé méjìdínlógún. Tí ẹ bá tẹ ọdún mẹ́jọ sí i, kílò nìkan ni yóò fún yín. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń yí ọjọ́ orí ọmọ sí 18 kí nọ́ńbà lè jáde. Nọ́ńbà á jáde lóòótọ́, àmọ́ ti àgbàlagbà kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ 128 sẹ̀ǹtímítà ló ṣírò, ìṣirò náà kò sì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má ṣe é. Tí ó bá fún yín ní kílò nìkan, ohun tó yẹ kó fún yín náà nìyẹn.

Ìṣòro kejì ni pé iná náà kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ ló ń rìn. Kò dé apá rárá, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìdíwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rá inú ikùn ló ń fa wàhálà ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà jù. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì yọ, lè jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tó dùn ún gbọ́.

Kí a wá sọ̀rọ̀ omi, torí òun ló ń da nǹkan rú jù ní ọ̀dọ̀ wa. Nínú Ramadan, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó gba ààwẹ̀, tó sì ti lọ sí iléèwé tó tún lọ sí ilé-kéú nínú oòrùn, omi ara rẹ̀ á ti dín kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá gbé e gun òṣùwọ̀n nígbà yẹn, iná á rí ìdènà púpọ̀, òṣùwọ̀n á sì ní ọ̀rá ti pọ̀ sí i. Ọ̀rá kò lè pọ̀ láàárín sààrì àti ìṣínu. Omi ló lọ. Bákan náà ni ti ọmọ tí inú ń ṣu, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dé. Òdìkejì rẹ̀ burú jù: ọmọ tí ara rẹ̀ wú nítorí kíndìnrín, omi pọ̀ lábẹ́ awọ rẹ̀, iná á kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òṣùwọ̀n á sì ní iṣan ni. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá ń wú láàárọ̀, tàbí tí ìka bá ń tẹ ihò sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òṣùwọ̀n mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ní tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, gìgísẹ̀ á gbẹ, á sì ya. Ìyá á fi òrí pa á dáadáa. Awọ tó ti le àti òrí tó bo irin kò ní jẹ́ kí iná wọlé bó ṣe yẹ. Èsì á máa fò: ẹ ó wọn ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ńbà kò ní bára mu. Tí ẹ bá fẹ́ fi í tọpa ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ (ti ọmọ kan náà, lórí òṣùwọ̀n kan náà, láti oṣù dé oṣù, kì í ṣe láti fi wé ọmọ ẹlòmíràn), àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Kí ẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kí aṣọ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí lára kò gbọdọ̀ gun irú òṣùwọ̀n yìí rárá, ọmọdé tàbí àgbà.

Ní ti kílò, a ti sọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Orí ilẹ̀ tó le ni kí ẹ gbé e sí, táìsì tàbí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Kápẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ kílò. Ẹ kó ìgò omi lítà kan ààbọ̀ méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí sínú báàgì, kí ẹ gbé e lé e: omi inú wọn jẹ́ kílò 18, ìgò àti báàgì á fi díẹ̀ lé e. Tí ó bá ka 16 tàbí 20, ẹ dá a padà. Ẹ tún gbé e sí igun kọ̀ọ̀kan òṣùwọ̀n náà, torí àwọn kan máa ń ka nǹkan mìíràn tí ẹrù kò bá sí láàárín. Ìdí tí a fi yan kílò 18 ni pé ó sún mọ́ ti ọmọdé. Òṣùwọ̀n tó bá kílò 70 mu lè ṣì kílò 20.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn òṣùwọ̀n olówó pọ́ọ́kú ń dá. Tí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ tó sì tún gùn ún, tí ìyàtọ̀ kò pọ̀, wọn kò ní wọn ọ́n mọ́. Nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n fi pamọ́ ni wọ́n á tún gbé jáde, kí ẹ lè rò pé wọ́n péye. Kí ẹ tó wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gbé nǹkan mìíràn lé e, bíi báàgì ìwé, kí ó lè gbàgbé. Tí bátìrì bá sì ń lọ, nọ́ńbà á máa ṣe ségesège kí àmì bátìrì tó jáde lójú rẹ̀ rárá. Iléèwé tó ń wọn ọmọ ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan, kó fi bátìrì tuntun bẹ̀rẹ̀.

Kílò nìkan kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Gíga ló ń fún un ní ìtumọ̀, gíga sì ni àwọn èèyàn ń wọn wọ́ọ́kúwọ́ọ́kú jù. Ohun tó ń ba gíga jẹ́ ní Ìlọrin kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni irun. Ṣùkú tó dúró láàárín orí lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kún ọmọ. Híjáàbù tí wọ́n fi ìdì irun sí lábẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni táìsì tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri: ó máa ń ti gìgísẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ọmọ kò sì ní kan ògiri. Ẹ wá ògiri tí kò ní in, tàbí kí ẹ lo pákó. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n ń gbé rúlà lé orí ọmọ kí wọ́n tó fi ojú wo ibi tó bọ́ sí. Rúlà á dagun, ojú á ṣì í kà.

Ẹ wo ohun tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ń ṣe. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, kílò 38.5, gíga rẹ̀ 140 sẹ̀ǹtímítà. BMI ni kílò tí a fi gíga ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì: 38.5 ÷ 1.40 ÷ 1.40, ó jẹ́ 19.6. Lórí ìwé WHO, ìlà +1 (ìlà àkọ́kọ́ lókè ìlà àárín) fún ọmọbìnrin tó pé ọdún mẹ́wàá géérégé ni 19.0, ọmọ yìí ti kọjá rẹ̀, ó ti wọ ìwọ̀n àpọ̀jù. Tí ṣùkú bá sọ ọ́ di 143, BMI á di 18.8. Ọmọ kan náà, kílò kan náà, irun nìkan ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Pákó náà kò ṣòro. Káfíńtà yóò fá pákó títọ́ tó ga ní mítà méjì, yóò kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ tó tẹ́jú, yóò sì ṣe igi kékeré tó dà bí lẹ́tà L tó lè máa rìn lókè sódò láìyẹ̀. Ẹ lẹ téèpù onírin mọ́ ọn, kí òdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ gbé tẹ ilẹ̀. Ọmọ á bọ́ bàtà, a ó tú irun tàbí kí a là á kí igi lè kan awọ orí. Gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ìpàkọ́ á kan pákó. Ojú á wo iwájú gan-an, kí ìsàlẹ̀ ihò ojú àti ihò etí wà lórí ìlà kan náà, kò gbọdọ̀ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ tẹ igi náà mọ́lẹ̀ títí á fi kan orí, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá a dọ́gba, kí ẹ kà á dé ìlà mìlímítà. Lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ṣe ẹ̀kẹta. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa wọn ọ́n, torí gíga máa ń dín díẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọn ọ́n; tí ẹ bá wọn ọ́n ní ìdúró, ẹ fi 0.7 sẹ̀ǹtímítà kún un kí ẹ tó wo ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì, ọdún àti oṣù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìlọrin ló ń ka ọjọ́ orí ọmọ pẹ̀lú Ramadan tàbí Iléyá. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ti kàlẹ́ńdà tí ìwé WHO ń lò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti di oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ọmọ tó wà nítòsí ìlà lè bọ́ sí ibi tí kò yẹ nítorí rẹ̀. Ìwé ìbí tàbí káàdì àjẹsára ni kí ẹ wò.

Ìwé WHO ti ọdún 2007 ló kan ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlógún. Ohun tó kọjá ìlà +1 jẹ́ ìwọ̀n àpọ̀jù. Ohun tó kọjá +2 jẹ́ ìsanrajù. Fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ, 17.4 àti 19.7 ni, fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, 17.7 àti 20.6. Tí wọ́n bá pé mẹ́wàá, ti ọkùnrin á di 18.5 àti 21.4, ti obìnrin 19.0 àti 22.6. Ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ní ìwé tirẹ̀, ti ọdún 2006, níbi tí ìlà +2 ti jẹ́ ìwọ̀n àpọ̀jù tí +3 sì jẹ́ ìsanrajù. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bákan náà, téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fi yí apá ọmọ ká, ìyà oúnjẹ ló wà fún; àwọ̀ ewé rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọmọ kò sanra jù.

Níbí ni fóònù òṣùwọ̀n náà ti ń ṣi òbí lọ́nà jù. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi ìlà BMI ti àgbà, 25 àti 30, dá ọmọdé lẹ́jọ́. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà tó ga ní 115 sẹ̀ǹtímítà tó sì wọn kílò 26.5, BMI rẹ̀ jẹ́ 20. Fóònù á kùn ún ní àwọ̀ ewé, á ní ara dáa. Lórí ìwé WHO, 18.5 ni ìlà +2 ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà. Ọmọ yẹn ti wọ ìsanrajù láti ọjọ́ pípẹ́. BMI ọmọ kì í dúró síbì kan: ó máa ń ga nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọyàn, á wálẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó tó tún gòkè. Ọmọ tí tirẹ̀ bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bíi lọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ni kí ẹ fojú sí, torí irú wọn ló sábà ń sanra jù tí wọ́n bá dàgbà. Tí ẹ bá ń wá ìdí kan péré tí kò fi yẹ kí ẹ gba àwọ̀ ewé fóònù gbọ́, ìdí náà nìyí.

BMI náà ní ibi tí kò dé. Kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi, tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, lè kọjá +1 láìní ọ̀rá àpọ̀jù. Ọmọbìnrin tó ń bàlágà, ọ̀rá máa ń pọ̀ lára rẹ̀ nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fẹ́ nǹkan kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kejì tó rọrùn jù kò ná yín ní kọ́bọ̀: okùn. Ẹ fi okùn tí kì í fà wọn gíga ọmọ láti orí dé gìgísẹ̀, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ fi yí ikùn rẹ̀ ká. Tí etí méjèèjì bá pàdé, ikùn kò tíì kọjá ìdajì gíga. Tí kò bá pàdé, ó ti kọjá, ẹ lọ fi téèpù wọn ọ́n dáadáa. Ọmọ ọdún márùn-ún sókè ló wà fún. Ibi tí wọ́n ń wọn kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì ń gbé. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí egungun ìbàdí, kí ẹ sàmì sí àárín méjèèjì lápá ọ̀tún àti òsì. Orí awọ ni téèpù ń gbé, kì í ṣe orí ẹ̀wù, kò sì gbọdọ̀ rì sínú ara. Ẹ ní kí ọmọ mí síta bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, kí ẹ kà á nígbà náà. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́n máa ń fa ikùn wọlé. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé. Téèpù télọ̀ tó ti pẹ́ máa ń nà, ẹ fi rúlà onírin yẹ tiyín wò.

Kálípà ni ohun èlò tó ń fọwọ́ kan ọ̀rá gan-an, ọ̀rá abẹ́ awọ. Méjì ló wà. Ti onírin bíi Harpenden, Holtain àti Lange ní sípíríǹgì tó ń tẹ awọ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, gíráàmù 10 fún mìlímítà níbùú lóròó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọ́n gan-an. Ilé ìwòsàn tàbí ẹ̀ka ìwádìí ló lè rà wọ́n. Ti oníke ni ẹ ó rí lọ́jà. Èyí tí ẹ̀ ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ títí á fi dún "kàà" ṣeé lò bí ẹni kan náà bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo. Èyí tí kò ní àmì kankan tó ń sọ ibi tí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ dé, ẹ má fowó yín ṣòfò. Kí ẹ tó rà á, ẹ mú bíìtì dírílì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 lọ, ẹ fi sáàárín ẹnu rẹ̀; tí kò bá ka 10, ó ti wọ́ láti ilé iṣẹ́. Sípíríǹgì tó bá ti rẹ̀ kò ní tẹ awọ tó, nọ́ńbà á máa ga.

Ẹ̀yìn apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á ká apá, a ó wọn láti ṣóńṣó egungun èjìká dé ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́, a ó fi bírò sàmì sí àárín gan-an, lẹ́yìn apá. Kó wá jẹ́ kí apá sọ̀ kalẹ̀ láìfún un mọ́ra. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là gbé awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan lókè àmì náà, kí ó dúró ní òró. Ẹ ní kó fún apá mọ́ra díẹ̀: tí nǹkan kan bá yọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, iṣan lẹ bù mọ́ ọn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ tún un mú. Ẹ fi ẹnu kálípà sí orí àmì, ẹ má jọ̀wọ́ awọ, kí ẹ kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí ẹ bá dúró pẹ́, ọ̀rá á máa tẹ́ lábẹ́ kálípà, nọ́ńbà á máa wálẹ̀ lójú yín; ibí yìí ni ẹni méjì ti máa ń gba èsì tó yàtọ̀ lára ọmọ kan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Èkejì ni ẹsẹ̀: ọmọ á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kí orúnkún ká dáadáa, ẹ ó sì gbé awọ ní apá inú, níbi tí ẹsẹ̀ ti nípọn jù láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ìṣirò tí Slaughter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988 ni pé fún ọmọkùnrin, ẹ fi 0.735 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1.0 kún un. Fún ọmọbìnrin, 0.610, kí ẹ fi 5.1 kún un. Ọmọbìnrin tó ní mìlímítà 16 ní apá àti 18 ní ẹsẹ̀, àpapọ̀ 34: 20.7 pẹ̀lú 5.1, ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. Ìlà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni ìdá 25 nínú 100 fún ọkùnrin àti 30 fún obìnrin, torí pé láti ibẹ̀ lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ lára ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ bá ṣe sanra tó ni kálípà ṣe ń ṣòro tó: awọ kò ní ṣeé gbé, tàbí kí ẹnu kálípà máà gbà á. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́; BMI àti okùn ti sọ̀rọ̀ tán.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà o. DXA ń fi ìtànṣán díẹ̀ ya egungun, ọ̀rá àti ìyókù sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ọmọ á jókòó sínú rẹ̀ tí yóò fi afẹ́fẹ́ wọn ara rẹ̀. Ìwádìí ni wọ́n sábà wà fún. Kò sí ọmọ tó nílò wọn kí òbí rẹ̀ tó mọ̀ pé ó yẹ kó rí dókítà.

Bí a ṣe ń wọn ọmọ náà kàn wá lọ́kàn gidigidi. Ní iléèwé, ẹ má tò wọ́n sílà kí olùkọ́ máa ké kílò wọn jáde. Ọ̀rọ̀ "òróbó" tí ọmọ bá gbọ́ lọ́jọ́ náà lè bá a dàgbà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn kọ́tìnì. Kí obìnrin wọn ọmọbìnrin, pàápàá tí ó bá kan híjáàbù àti ikùn. Kí òbí ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Kí èsì lọ sọ́wọ́ òbí nínú àpòòwé. Òbí tó bá sì gba èsì tó kọjá +1, kó tún wọn ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èyí tó bá kọjá +2, tàbí tí okùn kò pàdé, kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn, tàbí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí tíì amúnifọn fún ọmọdé, kò sì sí fífi ebi pa á. Ohun tí wọ́n sábà ń wá fún ọmọ tó ṣì ń ga ni pé kí kílò rẹ̀ dúró díẹ̀ kí gíga lè bá a: mínírà àti ohun dídùn inú ìgò á dín, omi á pọ̀, eré ìta á pọ̀.

Ẹni tó bá ti ní òṣùwọ̀n onígíláàsì nílé, kó má sọ ọ́ nù. Kó máa fi wo kílò. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun nítorí ọmọ nìkan, ti oníke tó ń ka kílò lásán tó fún un, tó bá ṣáà ti ń fi ìdá mẹ́wàá kílò hàn, bíi 24.3, tí kì í ṣe 24 tàbí 24.5 nìkan. Ẹ mú ìgò omi yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.